Kídìnrín Adú ń daṣẹ́ sílẹ̀, inú rẹ̀ náà kò gba oúnjẹ: èwo ni kí n kọ́kọ́ dojú kọ?

Ìyá Adú (ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò àgbà lọ́dọ̀. Adú, ológbò mi dúdú, pé ọmọ ọdún 15 lóṣù tó kọjá. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti rí i pé ó ń mu omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwo omi tó máa ń lò fún ọjọ́ méjì, kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú ó ti gbẹ. Bí mo bá fẹ́ kó àpótí yanrìn rẹ̀, ìṣù yanrìn tí ìtọ̀ ń mú dì, tí kò ju ẹyin adìyẹ lọ tẹ́lẹ̀, ti tó ìkúùkù mi. Kílò 4.6 ló wọ̀n lọ́dún tó kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 3.7 ni. Bí mo bá fọwọ́ pa á lẹ́yìn, eegun rẹ̀ ni mò ń kà.

A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kídìnrín lé jáde, jẹ́ 3.1; phosphorus, èròjà kan tó ń ti inú oúnjẹ wá, jẹ́ 6.2. Dókítà ní àrùn kídìnrín ni, ó sì ti dé ìpele kẹta nínú mẹ́rin. Ó fún wa ní oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún àwọn ológbò oníkídìnrín, ó ní kí n má fún un ní òmíràn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kò jẹ ẹ́. Láàárọ̀ kùtù ó máa ń bì, ìfófòó funfun ni, nígbà mìíràn omi aláwọ̀ ìyeyè. Tó bá gbọ́ ìró àwo, á sáré wá, á gbóòórùn oúnjẹ náà, á fi ahọ́n lá ètè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, á sì yíjú padà. Ọjọ́ kejì rèé tí kò jẹ ju ṣíbí méjì lọ. Bí mo bá fún un lóúnjẹ tirẹ̀ àtijọ́, ṣé kì í ṣe pé mò ń ba kídìnrín rẹ̀ jẹ́? Bí n kò bá sì fún un, ebi ń pa á lójú mi. Ẹ gbà mí o.

Ọ̀rẹ́ Músù (ọjọ́ Àìkú, 8:58 alẹ́)

Ìyá Adú, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ fún un lóhun tó bá máa jẹ lálẹ́ yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta. Mo ń bọ̀ wá kọ púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (ọjọ́ Àìkú, 9:25 alẹ́)

Òótọ́ ni Ọ̀rẹ́ Músù sọ. Ìyá Adú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ahọ́n tó ń fi lá ètè yẹn kì í ṣe pé oúnjẹ náà wù ú. Inú ń rìndọ̀ ni. Kídìnrín ni asẹ́ ara. Bí asẹ́ bá ti bàjẹ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde á máa yí nínú ẹ̀jẹ̀, á sì dé ibi tó ń gbé èébì dìde nínú ọpọlọ. Ebi ń pa ẹran náà, ìdí nìyẹn tó fi sáré wá sídìí àwo. Òórùn oúnjẹ ló lé e padà. Nítorí náà, ohun méjì tí ẹ rò pé ó ń bá ara wọn jà, ọ̀kan ló bí èkejì, ó kéré tán lápá kan.

Ìdí tí a kì í fi bá ológbò ṣe agídí pẹ̀lú ebi ni pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò rí bíi ti ajá tàbí tèèyàn. Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya lọ sínú ẹ̀dọ̀, á kún ún dí, ẹ̀dọ̀ náà á sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn lè pa á kí kídìnrín tó ronú àtipa á. Oúnjẹ oníkídìnrín dára, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó dára jù lọ láyé, tó bá wà nínú àwo tí kò wọ ikùn, kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ yìí, oúnjẹ tirẹ̀ àtijọ́. Ẹ mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ kó rí bí ara èèyàn ṣe ń gbóná, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn rẹ̀ á jáde. Ẹ bù ú díẹ̀ díẹ̀. Lọ́la, ẹ pe dókítà yín, ẹ sọ fún un gan-an bí ẹ ṣe sọ ọ́ níbí pé ó ń lá ètè, ó ń yíjú padà. Ẹ bi í nípa maropitant, oògùn tó ń dá èébì dúró, àti mirtazapine tó ń mú kí oúnjẹ wù ú jẹ. Mirtazapine wà ní ìpara tí wọ́n ń fi sínú etí, ó rọrùn fún ẹran tó ń sá fún oògùn. Ìwọ̀n rẹ̀ fún ológbò tí kídìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá kò rí bíi tàwọn yòókù, dókítà ni kó wọ̀n ọ́n.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ẹ gbé oúnjẹ oníkídìnrín yẹn kúrò níwájú rẹ̀ pátápátá báyìí. Ohun tí ológbò bá jẹ nígbà tí inú ń rìndọ̀ sí i, òun ni yóò dá lẹ́bi. Bí ẹ bá ń gbé e síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú àìsàn, ó lè má fẹnu kàn án mọ́ títí ayé, kódà tí ara rẹ̀ bá yá.

Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ Funfun (ọjọ́ Ajé, 6:10 àárọ̀)

Mo gbà pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì lórí ti alẹ́ àná, ṣùgbọ́n mo ń bẹ yín, Ìyá Adú, ẹ má fi oúnjẹ náà sílẹ̀ pátápátá. Mo ti rí àwọn tó ní "kò jẹ ẹ́" lọ́jọ́ kan, wọn kò sì tún gbìyànjú mọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ Funfun tèmi lo ọdún mẹ́rin lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún wa pé ìpele kejì ni. Phosphorus inú rẹ̀ kéré, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Kídìnrín tó ti rẹ̀ kò lè lé phosphorus jáde, bó sì ṣe ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni ìyókù kídìnrín ń bàjẹ́ sí i. 6.2 ti Adú ga jù. Fún ìpele kẹta, abẹ́ 5.0 ni wọ́n ń fẹ́ kó wà.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Mo dúró títí kò fi bì mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìdajì ṣíbí kékeré kan oúnjẹ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ àtijọ́, kì í ṣe pé mo pò ó pọ̀. Àwo kan náà, wọn kò fara kanra. Ọjọ́ márùn-ún kò wò ó. Lọ́jọ́ kẹfà ó lá a. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó di pé òun nìkan ló ń jẹ. Ó tún ní irú mẹ́ta tó fẹ́ràn nínú mẹ́fà tí mo gbìyànjú, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan tó kọ̀ mú yín rò pé gbogbo rẹ̀ ló kọ̀.

Ọ̀rẹ́ Músù (ọjọ́ Ajé, 7:32 àárọ̀)

Mo ti dé. Ti omi ni mo fẹ́ sọ. Àwọn baba ńlá ológbò, inú aṣálẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ara ẹran tí wọ́n bá pa jẹ ni wọ́n ti ń rí omi, kídìnrín wọn sì mọ bí a ṣe ń ṣọ́ omi lò. Kídìnrín tó ti gbó kò mọ ọ̀nà yẹn mọ́, omi ń yọ́ jáde lára rẹ̀ tòun tòru, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ Adú fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ gbígbẹ, bí omi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ti inú agolo sún mọ́ ọgọ́rin. Bí kò bá tíì jẹ́ ti agolo ni Adú ń jẹ, ìyípadà yẹn ni mo máa kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ ṣe, kí ẹ tó ronú nípa èyí tó jẹ́ ti oníkídìnrín àti èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún gbé àwo omi sí ibi mẹ́ta mẹ́rin nínú ilé, kó jìnnà sí àpótí yanrìn. Ẹran àgbà kì í fẹ́ rìn jìnnà. Kí ẹnu àpótí náà má sì ga, oríkèé ń dùn wọ́n.

Olùfẹ́ Ológìnní (ọjọ́ Ajé, 9:15 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bó bá jẹ́ èébì òwúrọ̀ ni, ọgbẹ́ inú ni. Omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, ni a lò fún tèmi, èyí tí èèyàn ń lò. Ó sì dà bíi pé ara ń ro Adú, ṣé kò sí oògùn ìrora kékeré tí ẹ lè gé fún un?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀)

Olùfẹ́ Ológìnní, mo mọ̀ pé àánú ló mú yín sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ dá yín dúró níbẹ̀ kí ẹlòmíràn má lọ ṣe é.

Paracetamol ń pa ológbò. Hóró kan péré tó. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tó ń fọ́ ọ túútúú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì pàdánù agbára láti gbé afẹ́fẹ́. Ibuprofen ń ba kídìnrín jẹ́, ti Adú sì ti bàjẹ́ ná. Kò sí "kékeré" nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ti ọgbẹ́ inú: nínú èèyàn oníkídìnrín, ọgbẹ́ inú wọ́pọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ikùn àwọn ológbò oníkídìnrín wò, ọgbẹ́ kọ́ ni wọ́n ń rí jù. Ohun tí wọ́n rí ni pé awọ ikùn náà ti ń le, èròjà bíi calcium sì ti ń ṣù sára rẹ̀. Nítorí náà oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù kì í ṣe ohun tí à ń kó fún gbogbo wọn mọ́. Bí dókítà bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú èébì tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ìyẹn yàtọ̀, ó lè fún un.

Ìyá Adú, ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀? Ṣé wọ́n yẹ thyroid, ẹṣẹ́ ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, wò? Ṣé wọ́n yẹ vitamin B12, èyí tí ìfun ń gbà láti inú oúnjẹ, wò? Ó ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́fà ìwọ̀n ara rẹ̀ tó ti lọ. Kídìnrín nìkan lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìfun tó ń ṣàìsàn náà lè wà nídìí rẹ̀.

Ìyá Adú (Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́)

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Ó jẹun! Ọjọ́ Àìkú lálẹ́ ó jẹ bí ìdajì agolo oúnjẹ àtijọ́. Lọ́jọ́ Ajé dókítà gún un ní maropitant, ó sì fún wa ní hóró tí a ó máa lò nílé. Láti àná kò bì rárá. Láàárọ̀ yìí ó dúró tì mí lẹ́sẹ̀ ó ń ké, ohun tí mi ò tíì gbọ́ láti oṣù kan.

Wọn kò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì yẹ B12 wò. Thyroid ni wọ́n ti yẹ̀, ó dára. A padà lọ lónìí. Wọ́n fi bẹ́líìtì kékeré kan yí i lẹ́sẹ̀ iwájú, wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà nínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, orí itan mi ló wà. 185 ni àròpọ̀ rẹ̀ já sí tí wọ́n pín in. Èsì B12 ń bọ̀ lọ́la. Ṣé 185 yẹn pọ̀ púpọ̀?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (Ọjọ́rú, 10:20 alẹ́)

Ó pọ̀. Láti 160 sókè, tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, a ti ń tọ́jú rẹ̀. Tó bá ga tó báyìí, ó lè já awọ ẹ̀yìn ojú kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, ológbò náà á jí lọ́jọ́ kan kò ní ríran mọ́, ojú rẹ̀ á sì là rokoṣo. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ológbò, ìgbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé kídìnrín ń ṣàìsàn. Amlodipine, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ni dókítà yóò fún un, bíńtín lára hóró ni, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Inú mi dùn pé ẹ bèèrè kó tó di pé ojú rẹ̀ lọ.

Ìyá Adú (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Amlodipine ni lóòótọ́. B12 rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n wá ṣe skáànù ikùn rẹ̀: kídìnrín méjèèjì kéré, etí wọn sì rí gbágungbàgun, ògiri ìfun rẹ̀ sì nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà ní ó lè jẹ́ ìfun wíwú tó ti pẹ́, ó sì lè jẹ́ irú jẹjẹrẹ kan tó máa ń rọra rìn nínú ìfun ológbò àgbà. Kí a tó lè mọ ìyàtọ̀, a ní láti gé díẹ̀ lára ìfun náà, ìyẹn sì ní oògùn akunnilóorun nínú. Mi ò sùn láti àná. Ọmọ ọdún 15 ni, kílò mẹ́ta àtààbọ̀ ó lé díẹ̀. Mi ò fẹ́ kó kú sórí tábìlì.

Alágbàtọ́ (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Adú, mo ti wà ní ibi tí ẹ wà yìí, mo sì sunkún níbẹ̀. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ Àìkú láìsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí kan mi.

Ológbò tèmi ní kídìnrín àti ìfun papọ̀. A kò gé nǹkan kan. Mo bi dókítà pé, "Bí ẹ bá rí ìdáhùn, kí ni ẹ máa ṣe yàtọ̀?" Ó ní prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ lò yálà ọ̀kan tàbí èkejì, pé tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni yóò fi chlorambucil, oògùn jẹjẹrẹ, kún un. Ó sọ fún mi láìfi bò pé bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ prednisolone, ó máa ṣòro láti rí ìdáhùn tó dájú mọ́ lẹ́yìn náà. Mo ro ó, mo sì gbà. Àwọn mìíràn fẹ́ mọ̀, wọ́n ṣe é, ẹran wọn sì jí. Kò sí èyí tó jẹ́ ìwà ìkà nínú méjèèjì. Ẹ bi dókítà yín ní ìbéèrè kan náà kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ nípa Adú fúnra rẹ̀. Ẹ sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà, torí prednisolone lè gbé e sókè.

Abẹ́rẹ́ B12 ni kí ẹ má fi falẹ̀ rárá. Tiwa jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, abẹ́ awọ, èmi fúnra mi ni mo ń gún un. Pupa fòò ni oògùn náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ológbò mi tún fò gun ojú fèrèsé.

Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ Funfun (ọjọ́ Àìkú, 7:05 àárọ̀)

Àbí ẹ ò rí i, ibi tí mo ti ṣe agídí jù lórí oúnjẹ oníkídìnrín nìyí. Bí ìfun náà bá ń ṣàìsàn, oúnjẹ tí ìfun lè gbà ni yóò ṣáájú. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà fún Adú. Phosphorus ṣì ga o, ṣùgbọ́n lúbúlúbú wà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ èyíkéyìí tó ń di phosphorus mú kó tó wọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ máa wo ìgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Omi ara tó ń gbẹ máa ń mú kí ìgbẹ́ le bí òkúta, àìrígbẹ́yà nìkan sì tó láti mú ológbò bì. Ẹlẹ́sẹ̀ Funfun máa ń bì nínú àpótí yanrìn gan-an bó ṣe ń fún ara rẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi ń pè é ní àìsàn inú.

Ọ̀rẹ́ Músù (ọjọ́ Àìkú, 8:12 àárọ̀)

Ṣé wọn kò tíì fún un lómi abẹ́ awọ ni? Mo rò pé gbogbo onípele kẹta ló yẹ kó máa gbà á.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (ọjọ́ Àìkú, 8:50 àárọ̀)

Kì í ṣe gbogbo wọn. Èyí tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ láìka ohun tó ń mu sí, òun ni. Iyọ̀ wà nínú omi náà, tó bá pọ̀ jù, ó ń ni ọkàn lára, ó sì lè gbá jọ sínú àyà. Bí èémí rẹ̀ bá yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nígbà tó ń sùn, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ pe dókítà. Kí ẹ̀jẹ̀ ríru Adú kọ́kọ́ wálẹ̀ ná.

Ìyá Adú (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́)

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ọwọ́ mi ló dí pẹ̀lú Adú.

A kò gé ìfun náà. Mo bi dókítà ní ìbéèrè tí Alágbàtọ́ kọ́ mi, ó sì jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Prednisolone ti ń lọ láti oṣù kan, B12 ti wọ abẹ́rẹ́ karùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wá sí 150, dókítà ń wò ó lọ́sẹ̀ méjì méjì. Èébì, ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ra òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ọwọ́, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo ń gbé e lé e, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. 3.7, 3.7, 3.8, 3.9, tòní 4.0.

Nígbà tó yá dókítà ní ká bẹ̀rẹ̀ omi abẹ́ awọ, mílílítà 100, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Báyìí ìṣó kan wà lára ògiri tí mo ń fi àpò omi náà kọ́ sí. Mo ń ri àpò náà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀, torí tó bá tutù ó máa ń ta gìrì. Adú á jókòó lé aṣọ inura lórí itan mi. Màá fi ìka méjì gbé awọ àárín èjìká rẹ̀ sókè kó rí bí àgọ́, abẹ́rẹ́ tuntun á wọlé láti ẹnu àgọ́ náà, mo ń gbúròó rẹ̀ ní ìka mi, "pó" báyìí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin márùn-ún omi ti wọlé. Á wá ní iké kékeré kan léjìká. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iké náà ti ṣàn wá sí apá rẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé apá ló wú, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní bó ṣe ń rí nìyẹn.

Àwọn irú oúnjẹ onírẹ̀lẹ̀ fún ìfun ló ń jẹ, tinú agolo. Phosphorus ti sọ̀kalẹ̀ sí 5.6, kò tíì dé ibi tí Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ Funfun sọ. Wọ́n ti fún wa ní lúbúlúbú yẹn. Ìbéèrè mi ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Adú ń jẹ lóòjọ́, díẹ̀ díẹ̀. Ṣé kí n fún un ní gbogbo lúbúlúbú ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀, kó sì bọ́ lọ́rùn mi?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (ọjọ́ Àìkú, 9:41 alẹ́)

4.0! Mo pariwo níbi tí mo jókòó sí.

Ẹ má fún un lẹ́ẹ̀kan. Phosphorus inú oúnjẹ ló ń dì mú, nítorí náà ibi tí oúnjẹ bá wà ló gbọ́dọ̀ wà. Èyí tó bá wọ ikùn òfìfo kò rí nǹkan dì mú. Ẹ pín ìwọ̀n ọjọ́ kan sí mẹ́rin, kí ẹ sì po tirẹ̀ mọ́ àwo kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé ó tún ń lá ètè sí àwo nítorí adùn rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, oríṣi mìíràn wà. Ẹ má fi dandan mú un.

Ìyá Adú (ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́)

Mo ti pò ó mọ́ ti alẹ́ yìí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kó má baà rí mi. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó ti ń jẹ ẹ́ o.